Ìbọn Àjogúnbá: Ṣé Ká Yìn Ín Ni, Àbí Ká Tọ́jú Ẹ̀?

Bí ẹ bá ń gbé Ajangbadi bíi tèmi, kò sí bí ẹ ò ṣe ní mọ ìró ìbọn ṣakabùlà. Àwọn ọdẹ aṣọ́nà máa ń yìn ín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lóru, kí ẹni tó ń bọ̀ wá jalè lè mọ̀ pé ojú kan ò tíì sùn. Irinṣẹ́ nìyẹn, bí àdá, bí ọkọ́. Bó bá bàjẹ́, alágbẹ̀dẹ á tún un ṣe. Bí kò bá ṣeé tún ṣe mọ́, wọ́n á wá òmíràn. Mi ò ní ìjà pẹ̀lú ìyẹn.

Èyí tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí yàtọ̀. Ìdílé kan wà lápá Okokomaiko tí a jọ mọra wa tipẹ́. Ọdẹ ni bàbá wọn kó tó wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó, ìbọn kan tó jogún lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀ ló sì fi sílẹ̀ lára ògiri pálọ̀ nígbà tó kú. Ìbọn náà rẹwà, kí n má purọ́. Ó gùn dé èjìká mi. Wọ́n gbẹ́ igi ìdí rẹ̀ lọ́nà, wọ́n kan ìṣó ìdẹ wẹ́wẹ́ mọ́ ọn lára yíká, òkúta ìbọn tó ń ṣáná sì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ bí eyín àgbàlagbà. Ìrántí ọdún kan Bàbá ti ń sún mọ́lé, àwọn ọdẹ ń bọ̀ láti ilé wá sun ìrèmọ̀jé, Bọ̀dá tó jẹ́ àkọ́bí sì ti pinnu pé ìbọn Bàbá gan-an ni wọn yóò yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àǹtí tó tẹ̀ lé e ní àfi tí òun bá kú. Ó ní ohun tó kù tí àwọn ọmọ òun lè fọwọ́ kàn tó jẹ́ ti baba ńlá wọn nìyẹn, kò sì sí ìdí tí a fi máa fi ariwo bà á jẹ́. Wọ́n wá ránṣẹ́ pè mí. "Ìwọ tó ò ń kàwé kẹ́mísìrì, wá bá wa wò ó."

Ẹ gbọ́ ná, kẹ́mísìrì kò lè dá ẹjọ́ ìdílé. Ṣùgbọ́n ó ní nǹkan tó lè sọ lórí ohun tí yìnyìn ń ṣe sí irin, àti ohun tí àìyìn náà ń ṣe sí i.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú ẹ̀tù. Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀tù dúdú: èédú, imí-ọjọ́, àti iyọ̀ kan tó ń jẹ́ potassium nitrate. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tí ẹ̀tù bá ti bú, ó di èéfín, ó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ó ju ìdajì ìwúwo ẹ̀tù náà lọ tí kì í di gáàsì rárá. Eérú ló ń dà. Díẹ̀ nínú eérú yẹn ni ẹ máa ń rí bí èéfín funfun tó ṣú bo ojú ẹni tó yìnbọn, ìyókù á lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn. Ohun tó wà nínú eérú yẹn ni potassium carbonate, potassium sulphate, àti àwọn èròjà tí imí-ọjọ́ wà nínú wọn, àwọn tó ń mú kí ẹnu ìbọn máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá yìn ín.

Potassium carbonate yìí kì í ṣe àlejò nílé wa. Òun náà ló wà nínú omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Ìwà rẹ̀ kan ni pé ó fẹ́ràn omi ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ẹ bá bu gbígbẹ rẹ̀ sórí àwo, tí ẹ gbé e síta ní Ajangbadi láàárọ̀, á máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra títí òun fúnra rẹ̀ á fi di omi. Ẹ wá fi ojú inú wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pá irin tó dúdú, tó gùn, tí ẹnikẹ́ni ò lè nàka dé inú rẹ̀. Omi ń bẹ, iyọ̀ ń bẹ, irin ń bẹ, afẹ́fẹ́ ń wọlé. Ìpẹtà ò ní dúró dọ̀la.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe ohun tí kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Tí wọ́n bá yin ìbọn tán, òróró ni wọ́n máa ń dà sínú rẹ̀. Òróró kì í yọ́ iyọ̀. Ẹ da iyọ̀ ìsebẹ̀ sínú òróró kí ẹ rò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìsàlẹ̀ lẹ ó ti bá a. Òróró tí ẹ dà sórí eérú ẹ̀tù kàn ń dé ìdérí lé e lórí ni. Omi ló ń yọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ìbọn ẹ̀tù dúdú fi ń fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi gbígbóná àti ọṣẹ, tí wọ́n á nù ún gbẹ pátápátá, kí wọ́n tó fi òróró kàn án. Ó jọ òdìkejì, omi fún irin kí ó má baà dógùn-ún, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ó dáa, ká gbà pé ẹ ó fọ̀ ọ́. Kí ló tún kù? Ipá ló kù, ìyẹn sì ni ẹ̀rù rẹ̀ bà mí jù.

Tí ẹ̀tù bá bú, gáàsì rẹ̀ á máa ti ọta síwájú, á sì máa ti ara ọ̀pá síta lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ara ọ̀pá ṣe nípọn tó ló ń pinnu bó ṣe máa fara dà á. Tí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́ dé ìdajì níbì kan, ìnira tó ń dé bá irin tó kù níbẹ̀ di ìlọ́po méjì, bí ẹ ò tilẹ̀ fi ẹyọ ẹ̀tù kan kún tàtijọ́. Ìpẹtà kì í sì í jẹ irin ní dọ́gba-dọ́gba. Á gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ ti ra píọ̀ wọ́tà rí, àbí? Tí ẹ bá fẹ́ ya ọ̀rá rẹ̀ láìfi eyín kàn án, ẹ ó fà á títí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti fi eyín gé igun rẹ̀ bín-ín-tín, ó ti tán. Ihò kékeré yẹn ni gbogbo ipá á kó ara jọ sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ihò ìpẹtà ṣe ń ṣe nínú ìbọn, níbi tí ojú ò dé, nítòsí ibi tí ẹ̀tù ń jókòó sí, tí kò jìnnà sí ọwọ́ àti ojú ẹni tó ń yìn ín.

Irin inú àwọn ìbọn àtijọ́ wọ̀nyí pẹ̀lú kì í ṣe irin òde òní. Pẹlẹbẹ irin ni wọ́n ń rọ, tí wọ́n á ká a yípo, tí wọ́n á sì fi iná àti òòlù so etí méjèèjì pọ̀. Ojú ìsopọ̀ yẹn gba gígùn ọ̀pá láti ìdí dé ẹnu. Bó bá jẹ́ pé alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́ ń kánjú ní ọjọ́ yẹn, kò sí bí ẹ ṣe máa fi ojú lásán mọ̀.

Wọ́n sì kánjú lóòótọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìbọn yìí ní Dane gun nítorí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì tó kó irú rẹ̀ wá sí etíkun wa, ṣùgbọ́n Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti jáde. Onímọ̀ ìtàn ọmọ Nàìjíríà, Joseph Inikori, ṣe ìṣirò kan tó gbé jáde ní 1977: láàárín 1750 sí 1807, ìbọn tó ń wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dọọdún wà láàárín 283,000 sí 394,000. Ẹ tún un kà. Lọ́dọọdún! Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń fi rà á nígbà yẹn. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Ọjọ́ lọ sí Àgbádárìgì rí, tó rí àwọn ìbọn àgbá tó wà níbẹ̀, kò nílò kí n ṣàlàyé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan pàápàá kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà pé ọ̀pọ̀ nínú ìbọn tí wọ́n ń rọ fún Áfíríkà lè bú mọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ yìn ín lọ́wọ́. Birmingham ò ní ilé àyẹ̀wò ìbọn tirẹ̀ tó bófin mu títí di 1813. Nínú ilé àyẹ̀wò yìí, wọn á rọ ẹ̀tù tó ju tojoojúmọ́ lọ sínú ọ̀pá, wọn á yìn ín. Èyí tó bá là, ó là. Èyí tí kò là, wọ́n á lu àmì sí i lára.

Ẹ lè máa bi mí pé kí ló dé tí ṣakabùlà fi pẹ́ lọ́wọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ayé ti kọjá rẹ̀. Òfin wà nínú ẹ̀. Ní 1890, àwọn òyìnbó kó ara wọn jọ sí Brussels, wọ́n ní kí wọ́n má ta ìbọn ìgbàlódé fún àwa tó wà láàárín ilẹ̀ Áfíríkà mọ́, àyàfi ìbọn olókùúta àti ẹ̀tù lásán. Ogun Kírìjì ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò parí títí di 1893, àwọn Èkìtìparapọ̀ sì ti fi hàn wọ́n ohun tí ìbọn tí ń gba ọta láti ìdí lè ṣe. Nítorí náà, ohun tó wà lára ògiri pálọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ìwé ni. Ìṣòwò ẹrú wà nínú rẹ̀, ìjọba amúnisìn wà nínú rẹ̀, oúnjẹ ìdílé kan wà nínú rẹ̀.

Mo sọ díẹ̀ nínú èyí fún Bọ̀dá. Ó gbọ́ mi dáadáa, ó wá ní: "Ìbọn tí kò dún mọ́, kí ló fi yàtọ̀ sí igi ìdáná?"

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ìró ìbọn ni ogun Kírìjì gan-an fi gba orúkọ. Ọdẹ tó kú tí ìbọn ò dún sí, kò tíì dàgbére fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ lè gbé ìlù kọ́ sí mùsíọ́mù fún ọgọ́rùn-ún ọdún, tí ẹnì kankan ò bá lù ú, ẹ kàn ń tọ́jú awọ àti igi ni. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìlù kì í pa onílù.

Àwọn onímọ̀ kan tiẹ̀ ti yin ìbọn mùsíọ́mù rí, kí a lè mọ̀. Ní ìlú Graz, lórílẹ̀-èdè Austria, ilé ìkóhun-ìjà ńlá kan wà tó ti wà láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ní 1988 sí 1989, wọ́n mú ìbọn mélòó kan níbẹ̀, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín igba ọdún sí irinwó, wọ́n sì yìn wọ́n láti fi wọn eré ọta. Wọ́n rí i pé ọta ń jáde lẹ́nu wọn ní nǹkan bí mítà 450 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ju eré ohùn lọ. Kó tó rìn dé ọgọ́rùn-ún mítà, ó ti pàdánù púpọ̀ nínú eré yẹn, nítorí pé ọta roboto kò mọ bí a ṣe ń la afẹ́fẹ́ já. Ohun tó yẹ kí ẹ fojú sí ni pé wọ́n so àwọn ìbọn yẹn mọ́ orí férémù ni, iná mànàmáná ni wọ́n fi tan ẹ̀tù, kò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni nítòsí. Ilé ìkóhun-ìjà yẹn sì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbọn irú ẹ̀. Àwọn ará Okokomaiko yìí ní ẹyọ kan.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé kí wọ́n má yìn ín. Kí àwọn ọdẹ tó ń bọ̀ mú ìbọn tiwọn tó ní ìwé àṣẹ wá, kí wọ́n yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀méje, kí ìbọn Bàbá wà láàárín wọn, kí wọ́n sun ìrèmọ̀jé sí i. Mo sì fi nǹkan kan kún un fún Bọ̀dá: ìmọ̀ tó ń bẹ̀rù pé ó máa parẹ́, kò sí nínú irin yẹn. Bí ọdẹ ṣe ń fi ojú wọn ẹ̀tù, bó ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀tù ti gba ọ̀rinrin, bó ṣe ń dúró tí iná ojú ìbọn kò fi ní jó o nírun ojú, ọwọ́ àwọn bàbá tó ń bọ̀ láti ilé ni gbogbo ìyẹn wà. Tẹlifóònù tó ń ya fídíò wà lápò gbogbo yín. Ẹ ká ohùn wọn sílẹ̀.

Àǹtí ti ń rẹ́rìn-ín ní gbogbo àkókò yìí, ó rò pé òun ti borí. Mo ní kí ó sún mọ́bí.

Mo tan iná fóònù mi sí ìbọn náà. Àyíká gbogbo ìṣó ìdẹ yẹn ti hu nǹkan àwọ̀ ewé bíi ìda. Ara ọ̀pá pupa rúsúrúsú níbi tó kan ògiri. Ikán ti wo ìdí igi rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan. Gbígbé kọ́ kì í ṣe títọ́jú. Irin lásán á bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún kíákíá tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárọ̀ ní Èkó, ó sábà máa ń kọjá 80. Ẹ fi afẹ́fẹ́ iyọ̀ tó ń fẹ́ wá láti òkun kún un, iyọ̀ òkun sì ń jẹ́ kí irin dógùn-ún kódà nígbà tí ọ̀rinrin ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ògiri símẹ́ńtì tó ń mu omi nígbà òjò ni wọ́n tún wá fi ẹ̀yìn rẹ̀ tì.

Nǹkan àwọ̀ ewé yẹn ńkọ́? Epo pupa ni. Bàbá máa ń fi epo kun ìbọn náà lọ́dọọdún nígbà ọdún Ògún, àwọn ọmọ sì ń bá a lọ. Epo pupa dára fún irin fún ọjọ́ díẹ̀, á dínà fún omi. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń pẹ́, ó ń kan, àwọn ásíìdì ọlọ́ràá inú rẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i. Àwọn ásíìdì wọ̀nyí ló ń jẹ bàbà inú ìdẹ, tí wọ́n jọ ń di irú ọṣẹ kan tó ní àwọ̀ ewé. Ẹ̀jẹ̀ ẹran burú ju epo lọ nítorí iyọ̀ inú rẹ̀. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má bọ Ògún o! Ilé wọn kún fún irin mìíràn tí Ògún kò ní kọ̀. Wọ́n ní òòlù kan àti àdá Bàbá níbẹ̀. Ẹ bọ ọ́ níbẹ̀, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ìbọn.

Ohun tí àwọn mùsíọ́mù ń ṣe kò le. Wọ́n á nu eruku, wọ́n á fi ìda tín-ín-rín pa irin lára, wọ́n á gbé e kúrò lára ògiri, wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò léraléra. Ẹ má fi ọwọ́ òógùn dì í mú, òógùn iyọ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́ fi sínú àpótí, ẹ kó àwọn àpò jẹ́lì kéékèèké tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun sínú rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì máa pààrọ̀ wọn.

Ṣáájú gbogbo ìyẹn, ẹ mọ̀ bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹ̀tù dúdú tí omi ò kàn kì í kú. Ní Virginia, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 2008, ọkùnrin kan tó ń kó ohun ìjà àtijọ́ jọ kú níwájú ilé rẹ̀ nígbà tó ń fọ ọta ìbọn àgbá kan tó ti wà láti ogun abẹ́lé wọn ti 1861 sí 1865. Ó ti lé ní 140 ọdún tí ẹ̀tù yẹn ti ń dúró. Ẹ pe ọdẹ àgbà tàbí ẹni tó mọ̀ nípa ìbọn, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò fún yín, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró síwájú ẹnu rẹ̀. Ti ìdílé yìí, òfìfo ni. Gbogbo wa mí kanlẹ̀.

Mi ò sọ pé gbogbo ìbọn ló yẹ ká tọ́jú o. Ní Timbuktu, lórílẹ̀-èdè Málì, ní oṣù kẹta 1996, wọ́n kó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìbọn tí àwọn ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀ jọ̀wọ́ sílẹ̀, wọ́n sun gbogbo rẹ̀ ní gbangba. Mo rò pé iná ló tọ́ sí irú ìwọ̀nyẹn. Ìbọn tí ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń ba aládùúgbò kò tíì di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ọ̀rọ̀ ìjọba náà ò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Òfin Ìbọn ti 1959 fi ṣakabùlà sí ìsọ̀rí tirẹ̀, ó sì ní ìwé àṣẹ ni kéèyàn fi ní in. Àjogúnbá kì í ṣe ìwé àṣẹ. Bí oníṣòwò kan bá sì wá pé òun fẹ́ ra ìbọn àgbà yín gbé lọ sí òkè òkun, ẹ rántí pé láti 1979 ni òfin ti wà pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Nàìjíríà láìgba àṣẹ àjọ tó ń mójú tó àwọn mùsíọ́mù. Ẹnì kan ti ń bá Bọ̀dá dúnàá-dúrà. Kò sọ ọ́ títí mo fi fẹ́ máa lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe nìyí, ẹ̀yin tí irú rẹ̀ wà nílé yín. Ẹ wo ara ọ̀pá náà, nítòsí ibi tí ẹ̀tù ń jókòó sí, kí ẹ wá àmì kékeré tí wọ́n lù mọ́ irin. Bí ẹ bá rí ọ̀pá àṣẹ méjì tó dábùú ara wọn pẹ̀lú adé lórí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Bí lẹ́tà ELG bá wà nínú àmì kan tó rí bí ẹyin, Liège ni. Adé tó wà lórí àmì ELG kò bẹ̀rẹ̀ títí di 1893, nítorí náà èyí tí adé wà lórí rẹ̀ kò lè dé Kírìjì, ohunkóhun tí ìdílé ì báà sọ. (Gbogbo ilé ni ìbọn wọn dé Kírìjì, ẹ ṣáà mọ̀.) Ti Okokomaiko yìí, ELG ni mo rí, adé ò sí níbẹ̀. Ó lè dé ibẹ̀, ó sì lè má dé ibẹ̀.

Ẹ ya fọ́tò àmì náà kí ẹnikẹ́ni tó rò pé òun ń tún ìbọn ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sandpépà kàn án, ẹ má sì fi ọ̀dà sílífà kùn ún kó lè máa dán fún ọjọ́ ìrántí. Ìfọwọ́rá sandpépà ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó láti pa àmì tó ti wà lára irin fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ́.